Ògiri Ọmọ Òrukàn Méjì: Ìrètí, Ìgbàgbọ́ àti Iṣẹ́ Òní

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí Ó dá ẹ̀mí wa sí di òní. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Ìgbéǹde.



Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa nígbà tí ọ̀rọ̀ sàká àti ti ọmọ òrukàn bá délẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni, “Ó dọ̀la, in shā' Allāh.” Ọ̀rọ̀ rere ni, Àlùkùránì ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹlòmíràn, ó ti di ọ̀nà tí à ń gbà kọ nǹkan láìsọ pé a kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó wá gba owó á gbọ́ ọ, á dúpẹ́, á sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ní rí nǹkan gbà. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé lórí nǹkan mẹ́ta nínú ìwé ìròyìn wa yìí: ìrètí, ìgbàgbọ́ àti òní. Báwo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ń rìn pọ̀? Níbo ni wọ́n ti máa ń pínyà? Kí ni èyí sì já mọ́ fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti wọlẹ̀ sùn? Súrà Al-Kahf, tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kà ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, ni a ó gùn lé.

ÌRÈTÍ PÍN SÍ MÉJÌ

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ya ìrètí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní rajā'. Òun ni ìrètí ẹni tí ó ti ṣe ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí ó wá gbójú sókè sí Ọlọ́hun. Àgbẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣán oko, tí ó kọ ebè, tí ó gbin iṣu, tí ó ta á, tí ó sì ń ro ó, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí ó máa retí òjò lọ́dọ̀ Ọba tí Ó ni òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ́, tí ó jókòó sílé tí ó ń retí iṣu tuntun, kò ní ìrètí o. Ohun tí ó wù ú lásán ni ó ń rò.

Èkejì ni tūlul-amal, ìrètí gígùn: kí ènìyàn máa ka ọdún tí ń bọ̀ bí ẹni pé ó ti wà nínú àpò rẹ̀. Ó wà nínú hádíìsì Bukhārī pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) fa ìlà igun mẹ́rin sílẹ̀, ó fa òmíràn gba àárín rẹ̀ tí ó yọrí síta, ó sì fa àwọn ìlà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó wà láàárín. Ó ṣàlàyé fún àwọn sàhábà pé ènìyàn ni ó wà láàárín, ikú ni ó yí i ká, ìrètí rẹ̀ ni ó yọ síta kọjá ikú, àwọn ìlà kéékèèké sì ni àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ayé: bí èyí bá tàsé rẹ̀, tọ̀hún á bà á. Ẹ wo àwòrán yìí dáadáa. Ìrètí wa gùn ju ọjọ́ orí wa lọ. Èyí kì í ṣe èébú, bí a ṣe dá wa ni. Ohun tí ó burú ni kí a gbé iṣẹ́ òní lé orí apá tí ó ti yọ síta yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé Ìsìláàmù kò fẹ́ kí á retí, ẹ rántí Ànábì Ya'qūb. Ọmọ rẹ̀ Yūsuf ti sọnù fún ọdún gbọọrọ, ìbànújẹ́ ti sọ ojú rẹ̀ di funfun, òmíràn nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì tún há sí ilẹ̀ Íjíbítì. Síbẹ̀, nínú Súrà Yūsuf (12:87), ó kọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti sọ ìrètí nù nípa àánú Ọlọ́hun, ó ní àwọn aláìgbàgbọ́ ni ó máa ń sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ó kọ́kọ́ sọ: ó ní kí wọ́n lọ wá Yūsuf àti àbúrò rẹ̀. Kò ní kí wọ́n jókòó. Ìrètí Ànábì Ya'qūb ní ẹsẹ̀, ó ń rìn.

ỌLỌ́GBÀ MÉJÌ ÀTI Ọ̀RỌ̀ “IN SHĀ' ALLĀH”

Nínú Súrà Al-Kahf, láti āyah 32 títí dé 44, a ka ìtàn ọkùnrin méjì. Ọlọ́hun fún ọ̀kan ní ọgbà àjàrà méjì, igi dàbínù yí wọn ká, ohun ọ̀gbìn wà láàárín wọn, odò sì ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Ó wọ inú ọgbà rẹ̀, ó wò ó yíká, ó sì sọ pé òun kò rò pé èyí lè parun láéláé, bẹ́ẹ̀ ni òun kò rò pé Àkókò ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ní tó o kì í nílọ̀ pé kí ó rántí Ẹni tí Ó fún un. Nígbà tí yóò fi rí i, ọgbà ti run, ó wá ń fi ọwọ́ lu ọwọ́ nítorí ohun tí ó ti ná lé e lórí.

Àṣìṣe ọkùnrin yìí kì í ṣe pé ó lówó. Ọlọ́hun ni Ó fún un, owó kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ka ọ̀la mọ́ dúkìá rẹ̀. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní òní la rí, kò sẹ́ni tó mọ̀la. Ẹni tí ó gba èyí gbọ́ yóò lo ọgbà rẹ̀ bí ohun tí a fi pamọ́ sí i lọ́wọ́. Yóò jẹ níbẹ̀, yóò sì yọ ẹ̀tọ́ aláìní níbẹ̀ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọgbà.

Inú súrà kan náà (18:23-24) ni Ọlọ́hun ti kọ́ Ànábì Rẹ̀ pé kí ó má ṣe sọ nípa ohunkóhun pé òun yóò ṣe é lọ́la láìfi fífẹ́ Ọlọ́hun kún un. Ibẹ̀ ni “in shā' Allāh” ti wá. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó ní òun yóò ṣe nǹkan, in shā' Allāh, ti sọ nǹkan méjì: ó ti pinnu, ó sì ti gbà pé agbára òun kò ká a. Bí ìpinnu kò bá sí níbẹ̀, ẹnu lásán ni. Tí a bá ń fi orúkọ Ọlọ́hun bo ohun tí a kò ní lọ́kàn láti ṣe, a kò bọ̀wọ̀ fún orúkọ náà. Ẹni tí kò bá ní, tàbí tí kò fẹ́ ṣe é, kí ó fi sùúrù sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáadáa dára ju ìlérí òfìfo lọ.

ÒGIRI NÁÀ

Ìparí ìrìn-àjò Ànábì Mūsā pẹ̀lú ẹrúsìn Ọlọ́hun tí a mọ̀ sí Khidr ni ibi tí ọ̀rọ̀ wa gan-an wà. Àwọn méjèèjì dé ìlú kan, ebi ń pa wọ́n, wọ́n tọrọ oúnjẹ, àwọn ará ìlú sì kọ̀ láti gbà wọ́n lálejò. Nínú ìlú yẹn kan náà ni wọ́n ti rí ògiri kan tí ó fẹ́ wó. Khidr tún un ṣe, ó sì dúró. Ó ya Ànábì Mūsā lẹ́nu, ó ní ṣebí ó lè gba owó iṣẹ́ lé e. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pínyà ni Khidr tó túmọ̀ rẹ̀ fún un (18:82): ọmọ òrukàn méjì nínú ìlú ni ó ni ògiri náà, ìṣúra wọn wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni rere ni bàbá wọn, Ọlọ́hun sì fẹ́ kí àwọn ọmọ náà dàgbà, kí wọ́n wú ìṣúra wọn fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìtàn yìí wò pẹ̀lú ojú ẹgbẹ́ tí ó ń tọ́jú ọmọ òrukàn.

Àkọ́kọ́, ọ̀la àwọn ọmọ náà wà lábẹ́ ilẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni kò tó o. Bákan náà ni ọmọ tí a ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ lónìí. A kò mọ ohun tí Ọlọ́hun fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ó lè di onímọ̀ tí yóò kọ́ ìlú, ó sì lè di oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò máa bọ́ ìyá rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ni ó ń jẹ́ kí á ṣiṣẹ́ fún ohun tí a kò tíì rí.

Èkejì, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n tún ògiri ṣe. Kì í ṣe ìṣúra ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu, ògiri tí ó ń wó ni. Bí ó bá wó lónìí, àwọn tí kò lè fún àlejò lóúnjẹ yóò rí ìṣúra náà, wọn yóò kó o, àwọn ọmọ yóò sì dàgbà bá ilẹ̀ lásán. Ọ̀la wọn so mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ náà kò lówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú kò tọ́ sí oore rárá. A kì í fi ìwà àgbàlagbà jẹ ọmọ níyà. Bí àwọn ẹbí olóògbé bá ṣe wá níṣekúṣe, bí wọ́n bá tilẹ̀ bú wa, ọmọ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, wíwà tí bàbá wọn wà ní ẹni rere ṣì ń ṣe àwọn ọmọ lóore lẹ́yìn tí ó ti kú. Ìrètí ńlá nìyí fún àwa òbí, nítorí kò sí èyí tí kò ní fi ọmọ sílẹ̀ nínú wa. Ohun tí a bá ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ lónìí lè jẹ́ ògiri tí Ọlọ́hun yóò fi bo ọmọ tiwa.

Ẹ̀karùn-ún, Khidr kò wú ìṣúra náà kí ó kó o lé àwọn ọmọ kékeré lọ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá gbọ́n. Ṣíṣe ti òní kì í ṣe ìkánjú. Ohun tí òní ń bèèrè ni kí á ṣe lónìí, kí á sì fi ti ọ̀la sílẹ̀ fún ọ̀la. Níbí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé: ìrètí ń wo iwájú, ìgbàgbọ́ mọ Ẹni tí Ó ni iwájú, ọwọ́ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ òní.

KA'B ỌMỌ MĀLIK: ẸNI TÍ Ọ̀LA TÀN

Ẹni kan lè sọ pé aláìgbàgbọ́ tàbí ahun ni ó máa ń fi nǹkan falẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 9 Híjírà (630), Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) kéde ìrìn-àjò Tabūk. Oòrùn ń mú, ọ̀nà jìn, èso sì ti pọ́n ní Mẹdínà, tí ibòji ń wu ènìyàn. Ka'b ọmọ Mālik (R.A.) fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì wà nínú Bukhārī àti Muslim. Ó ní òun kò lókun, òun kò sì rí jájẹ tó ìgbà yẹn rí, ràkúnmí méjì ni òun ní. Láràárọ̀ ni ó ń jáde láti lọ múra, á tún padà wálé láìṣe nǹkan kan, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé ó wà ní ìkáwọ́ òun, ìgbàkígbà tí ó bá wu òun ni òun lè ṣe é. Àwọn ènìyàn gbéra, ó ní òun yóò lé wọn bá. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, títí wọ́n fi jìnnà débi tí kò lè bá wọn mọ́.

Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) padà dé, àwọn tí ó lé ní ọgọ́rin wá ṣe àwáwí. Ka'b sọ òótọ́: òun kò ní ìdí kankan. Wọ́n pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá òun àti àwọn méjì mìíràn, Murārah ọmọ ar-Rabī' àti Hilāl ọmọ Umayyah, sọ̀rọ̀. Àádọ́ta òru ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ogójì ọjọ́, wọ́n ní kí wọ́n tún jìnnà sí ìyàwó wọn. Láàárín ìgbà yìí ni ọba Ghassān kọ ìwé sí Ka'b pé kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ka'b ju ìwé náà sínú ààrò, ó jóná. Kò yé lọ sí mọ́sálásí, kò yé rìn lọ́jà, kò yé sálámà bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dá a lóhùn. Ní òwúrọ̀ àádọ́ta, lẹ́yìn ìrun Súbúhì, ó wà lórí òrùlé ilé rẹ̀ nígbà tí ohùn kan ké láti orí òkè Sal' pé kí ó yọ̀. Ọlọ́hun ti gba ìrònúpìwàdà wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì wà nínú Súrà At-Tawbah (9:118) títí di òní.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí mú níbẹ̀. Ekíní, kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni ó dá Ka'b dúró bí kò ṣe gbólóhùn kékeré yẹn: mo lè ṣe é nígbà tí ó bá wù mí. Ìjàfara léwu. Èkejì, nígbà tí àná ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò fi irọ́ tún un ṣe, kò sì sọ ìrètí nù. Ó di ìrun òní mú, ó sì ń retí Olúwa rẹ̀. Ẹni tí ó ti jẹ sàká ọdún púpọ̀ sílẹ̀ kò níláti sá. Kí ó ṣírò rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí san án. Ẹ̀kẹta, nínú ayọ̀ rẹ̀, Ka'b fẹ́ fi gbogbo dúkìá rẹ̀ ṣe sàráà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) sì ní kí ó mú apá kan dání, èyíinì sàn fún un. Ó mú ìpín rẹ̀ tí ó wà ní Khaybar dání. Ẹ̀sìn wa kò ní kí á fi ìtara òní sọ ara ilé wa di alágbe lọ́la.

SÀKÁ NÍ ỌJỌ́ TIRẸ̀

Gbogbo ìjọsìn wa ni Ọlọ́hun fún ní àkókò. Sàká náà ní tirẹ̀. Fún irè oko, Àlùkùránì (6:141) ní kí á yọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìkórè gan-an. Sàká ìtúnu àwẹ̀, kí á tó kí ìrun ọdún ni. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ lẹ́yìn ìrun, sàráà lásán ni ó ṣe. Ti owó àti ọjà, nígbà tí ó bá ti tó òṣùwọ̀n, èyíinì ni iye wúrà gíráàmù 85 tàbí fàdákà gíráàmù 595, tí ọdún òṣùpá kan sì ti yí po lórí rẹ̀, ìdá kan nínú ogójì ti jáde kúrò nínú rẹ̀. Ó ti di ti àwọn tí Ọlọ́hun ka orúkọ wọn. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa, àmánátì ni.

Ẹ kíyè sí i pé ọdún òṣùpá ni a wí. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni. Ẹni tí ó bá ń fi ọdún òyìnbó ka sàká rẹ̀ ń pàdánù nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Nígbà tí ó bá ti san sàká ọdún 32, ọdún òṣùpá 33 ni ó ti kọjá. Sàká odidi ọdún kan ti wọ inú owó rẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn mìíràn máa ń dá sàká dúró de Ràmàdáánì nítorí ẹ̀san tí ó pọ̀ níbẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọdún sàká rẹ̀ pé nínú Muharram, tí ó sì dá a dúró de Ràmàdáánì, oṣù mẹ́jọ ni ó fi há ohun olóhun mọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ sọ pé kò tọ́ láìsí ìdí, àti pé bí owó náà bá ṣègbé lẹ́yìn tí ó ti lè san án, gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ láti fi wá ẹni tí ó tọ́ sí i, kò burú. Ẹni tí ó bá sì wù kí tirẹ̀ bọ́ sínú Ràmàdáánì lè san án ṣáájú. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà á láàyè, àmọ́ ní ojú ọ̀nà Mālik tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ̀, àkókò díẹ̀ péré ni kí ó fi ṣáájú. Kí ó bèèrè lọ́wọ́ alùfáà rẹ̀.

Ẹ wo bí ìdádúró ṣe ń jẹ ẹ̀tọ́ aláìní ní orílẹ̀-èdè wa. Kí ìdajì oṣù kẹfà ọdún 2023 tó pé, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Nígbà tí Ràmàdáánì ọdún 1445 fi wọlé ní oṣù kẹta ọdún 2024, ó ti kọjá náírà 1,400. Àjọ NBS tí ó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba sì kéde pé ní oṣù kẹta yẹn, owó oúnjẹ ti fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tí ó ṣáájú. Ẹni tí sàká rẹ̀ pé ní Shawwāl ọdún 1444, tí ó sì mú iye náírà kan náà jáde ní Ràmàdáánì tí ó tẹ̀ lé e, ó ṣe é bí ẹni tí ó san gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n garawa ìrẹsì opó ti dín kù gidigidi. Ọjà kò dúró de ìlérí wa.

Ó sì tọ́ kí á ṣàlàyé èyí: nínú ẹni mẹ́jọ tí Súrà At-Tawbah (9:60) kà sílẹ̀ pé kí á fún ní sàká, kò dárúkọ ọmọ òrukàn lọ́tọ̀. Nítorí pé ó jẹ́ tálákà tàbí aláìní ni ọmọ òrukàn fi ń gba sàká. Ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún kò ní ìpín níbẹ̀, ìtọ́jú àti ìfẹ́ ni ó fẹ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi máa ń wádìí ilé kọ̀ọ̀kan, tí a sì máa ń kọ owó sàká sọ́tọ̀ kúrò lára owó sàráà.

ÒNÍ KÌ Í ṢE ÌNÁKÚNÀÁ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ní kí á jẹ tòní kí á gbàgbé tọ̀la. Ànábì Yūsuf ni ó kọ́ àwọn ará Íjíbítì láti tọ́jú ọkà ọdún méje sínú ṣírí rẹ̀ nítorí ọdún ìyàn méje. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) ni ó ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Nígbà tí Sa'd ọmọ Abū Waqqās (R.A.) ń ṣàìsàn, tí ó fẹ́ fi púpọ̀ nínú dúkìá rẹ̀ tọrẹ, ó gbà á láàyè dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ó sì ní ìyẹn gan-an ti pọ̀, nítorí kí ó fi àwọn ajogún rẹ̀ sílẹ̀ ní ọlọ́rọ̀ dára ju kí wọ́n máa tọrọ jẹ lọ. Umar (R.A.) náà gba àwọn alágbàtọ́ níyànjú pé kí wọ́n fi owó ọmọ òrukàn ṣòwò, kí sàká má baà jẹ ẹ́ tán. Súrà An-Nisā' (4:6) sì ní kí á máa dán ọmọ òrukàn wò títí yóò fi dàgbà, kí á kó dúkìá rẹ̀ fún un bí ó bá ti gbọ́n, kí á sì wá ẹlẹ́rìí sí i.

Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín ẹni tí ó ń tọ́jú nǹkan pamọ́ àti ẹni tí ìrètí gígùn tàn? Ẹni àkọ́kọ́ ti san ẹ̀tọ́ òní kí ó tó tọ́jú ti ọ̀la. Ẹnì kejì jẹ ẹ̀tọ́ òní mọ́ ti ọ̀la.

ỌMỌ KÌ Í DÚRÓ DÈ WÁ

Ọmọ òrukàn ní Ìsìláàmù ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà. Ànábì wa gan-an jẹ́ ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ kú kí á tó bí i, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá rẹ̀ àgbà kú nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, Abū Tālib arákùnrin bàbá rẹ̀ sì gbà á tọ́. Nítorí náà, nígbà tí ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ àti ìka àárín, tí ó ní báyìí ni òun àti ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ òrukàn yóò ṣe wà ní Alùjánnà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lára ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ìgbà ọmọ kúrú. Ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó gbọ́dọ̀ gbà ní ọjọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, àti ní oṣù kẹsàn-án. Kì í ṣe ìgbà tí ó bá rọ̀ wá lọ́rùn. Ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí. Bí owó bá dé ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn rẹ̀, ó lè di ọdún mìíràn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú. Bí opó bá wá sọ ìnira rẹ̀, ó rọrùn láti dá a lóhùn pé, “Ọlọ́hun á ṣe é.” Àdúà ni, a kò sì gbọdọ̀ yé ṣe é. Ṣùgbọ́n Súrà Yāsīn (36:47) ròyìn àwọn aláìgbàgbọ́ tí a ní kí wọ́n ná nínú ohun tí Ọlọ́hun fún wọn, tí wọ́n dáhùn pé ṣé kí àwọn máa bọ́ ẹni tí Ọlọ́hun ì bá bọ́ bí Ó bá fẹ́? Ẹnu wọn dárúkọ Ọlọ́hun, ọwọ́ wọn sì dì pinpin. Ẹni tí Ọlọ́hun ti fún lóhun tí yóò fi ṣe é, kí ó wo ara rẹ̀ dáadáa kí ó tó sọ pé Ọlọ́hun á ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun ni Ọlọ́hun fẹ́ gbà ṣe é.

OHUN TÍ A LÈ ṢE LÓNÌÍ

1. Kí olúkúlùkù kọ ọjọ́ tí ọdún sàká rẹ̀ ń pé sílẹ̀, pẹ̀lú oṣù òṣùpá, kí ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ kan sì mọ̀ ọ́n.

2. Kí á ṣírò gbèsè sàká àtẹ̀yìnwá, kí á bẹ̀rẹ̀ sí san án bó ti wù kí ó kéré mọ.

3. Ẹni tí ó ti ṣe ìlérí fún ẹgbẹ́, kí ó mú ọjọ́ kan fún un. Bí kò bá lè ṣeé ṣe mọ́, kí ó sọ fún wa, kí á lè wá ọ̀nà mìíràn kí ọmọ náà tó jìyà rẹ̀.

4. Ẹni tí kò lówó, kí ó mú ohun tí ó ní wá: iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè kọ́ ọmọ, kéwú, tàbí wákàtí kan láti sìn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

5. Kí á má ṣe lérí ohun tí a kò ní fún ọmọ òrukàn. Ọmọ tí ikú ti já kulẹ̀ kò yẹ kí ènìyàn tún já a kulẹ̀.

6. Kí á kọ wàsíyyà wa, kí á sì yan alágbàtọ́ tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ tiwa.

Wọ́n bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (S.A.W.) léèrè nípa sàráà tí ẹ̀san rẹ̀ tóbi jù. Ó ní èyí tí ènìyàn ṣe nígbà tí ara rẹ̀ le, tí owó ṣì ń wù ú, tí ó ń bẹ̀rù òṣì tí ó sì ń retí ọrọ̀ ni. Ó kìlọ̀ pé kí á má ṣe fi falẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi dé ọ̀fun, kí á tó máa pín in fún lágbájá àti tàmẹ̀dò, nígbà tí ó ti di ti àwọn ajogún. Òun kan náà ni ó ní bí Àkókò bá dé tí igi dàbínù kékeré ń bẹ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ó bá lè gbìn ín, kí ó gbìn ín. Kò ní jẹ nínú èso rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sábẹ́ ibòji rẹ̀. Síbẹ̀ gbígbìn ni iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lákòókò yẹn, Ọlọ́hun sì mọ̀ ọ́n.

Kí Ọlọ́hun fi ìrètí tí ó ní iṣẹ́ nínú jíǹkí wa. Kí Ó gba sàká àti sàráà wa, kí Ó dárí jin àwọn òbí tí ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ, kí Ó wo àwọn ọmọ náà dàgbà. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí ògiri kankan wó lójú wa nígbà tí ó wà ní ìkáwọ́ wa láti gbé e ró. Āmīn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí